Ìwé Tí Wọ́n Lu Òǹtẹ̀ Sí: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin Tó Jẹ́ Àkàndá

Ẹni tó bá fẹ́ dé ẹnu ọ̀nà Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, yóò kọ́kọ́ gun òkè, yóò sì tún wá gun àtẹ̀gùn. Láti Bẹẹrẹ, takisí Micra lè gbé èèyàn dé orí òkè, ṣùgbọ́n kò sí Micra tí í gun àtẹ̀gùn. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí ilé náà. Òpó ńláńlá rẹ̀ dúró gbọin-gbọin lókè gbogbo páànù tó ti dípẹtà láti Ọjà'ba títí dé Bẹ́yẹrúnkà. Ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ fẹ́ kí ará ìlú gbójú sókè wò ó. Kò ro ti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e débẹ̀.

Nígbà tí àwọn aṣòfin Nàìjíríà wá jókòó láti sọ ẹni tí òfin máa pè ní àkàndá, wọ́n to ohun tó lè nira fún ara lẹ́sẹẹsẹ: rírí, gbígbọ́, ríronú, rírìn, gígun òkè, sísọ̀kalẹ̀, gbígbé nǹkan, dídi nǹkan mú. Àfi bí ẹni pé ìdí àtẹ̀gùn Mápó ni wọ́n jókòó sí kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ tó fẹ́ di lóyà ju bí a ṣe rò lọ. Ní Mápó yìí kan náà ni kóòtù ìbílẹ̀ tí ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ tọkọtaya ibẹ̀ kì í tán nínú ìwé ìròyìn wà. Bí ọmọ Ọjà'ba kan bá ń gbọ́ ìròyìn ẹjọ́ ibẹ̀ láti kékeré, tó wá ní òfin lòun fẹ́ kọ́, kí ló ń dúró dè é ní yunifásítì bí ojú rẹ̀ kò bá ríran, bí etí rẹ̀ kò bá gbọ́ràn, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá gbé e? Ta ni yóò ṣètò fún un? Kí ni òfin ti sọ, ibo ni ọ̀rọ̀ sì ti ń há? Lójú tèmi, òfin wa ti sọ púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í ta pútú títí ìwé kan yóò fi dé orí tábìlì ẹnì kan tí wọ́n á sì lu òǹtẹ̀ sí i.

Ìgbà tí ojú di ẹnubodè

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Láàárín wa, ẹnu àti etí ni wọ́n fi ń ṣe ẹjọ́. À ń rojọ́, à ń gbọ́ ẹjọ́, agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́ sì ni àgbà òṣìkà. Bí baálé bá jókòó láti parí ìjà ìyàwó ilé méjì, kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ojú bàbá ṣì ń ríran. Wọ́n á ní kí oníkálukú ro tẹnu rẹ̀, bàbá á tẹ́tí, á dá a. Ojú tó fọ́ kò gba ìdájọ́ lọ́wọ́ àgbà. Ìwé ló dé tó sọ ojú di ẹnubodè. Ọjọ́ tí òfin ti di ohun tí wọ́n ń kà nínú ìwé tó nípọn bí bíríkì ni ẹni tí kò ríran ti di ará ẹ̀yìn odi. Ara rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àná. Irinṣẹ́ ló yàtọ̀. Ti adití wá yí bírí: ní agbolé tí ohùn ti jọba, òun ló wà lẹ́yìn, ṣùgbọ́n bó bá ti mọ̀wé, kí ni elétí fi jù ú lọ níwájú ìwé?

Àwọn baba wa máa ń pe abuké, àfín àti arọ ní ẹni òòṣà, wọ́n ní bí Ọbàtálá ṣe fẹ́ mọ wọ́n nìyẹn. Ọ̀wọ̀ wà nínú orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò sọ ìwé di bíréèlì rí. Sàráà náà wà, ó sì dára lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n bó ṣe wu olóore ni í ṣe é: ó lè ṣe é lónìí kó má ṣe é lọ́la. Ìdánwò kì í dúró de olóore.

Ohun tí Ìbàdàn ti ní nílẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní Ìbàdàn. Ní 1960, Andrew Foster, ọkùnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà tí òun náà jẹ́ adití, dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ níbí, lẹ́yìn tó ti ṣe irú rẹ̀ ní Gánà ní 1957. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington, ní 1954. Èdè adití tó mú wá láti ọ̀hún ni gbòǹgbò èyí tí ọ̀pọ̀ adití Nàìjíríà fi ń sọ̀rọ̀ títí dòní. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́ láti máa kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ àwọn àkàndá. Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú ní ẹ̀ka tó ń fúnni lóyè nínú ẹ̀kọ́ àkànṣe.

Ẹnubodè àwọn yunifásítì pàápàá ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Láti 2017 ni JAMB, àjọ ìdánwò àbáwọlé yunifásítì, ti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola, tó ń ṣètò ìdánwò àwọn tí kò ríran lọ́tọ̀: bíréèlì wà, ẹni tí yóò ka ìbéèrè síni létí sì wà. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ètò JAMB kì í bá ọmọ wọ kíláàsì. Lọ́jọ́ tí orúkọ rẹ̀ bá jáde pé wọ́n ti gbà á síbi ẹ̀kọ́ òfin, yóò tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti àlífì, fún àwọn tí kò rí i rí, ní ọ́fíìsì bíi márùn-ún.

Ohun tí òfin ti sọ

Abala 42 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ka ẹ̀yà, ibi ìbí, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn àti èrò òṣèlú sí ohun tí a kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ yọ èèyàn sọ́tọ̀. Kò dárúkọ àkàndá. Ní 2006 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò lórí àdéhùn ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá, Nàìjíríà sì fọwọ́ sí i pátápátá ní 2010. Àdéhùn náà ní bí ilé ẹ̀kọ́ bá kọ̀ láti ṣe àtúnṣe tó mọ níwọ̀n, tí kò ní wọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, ìyọnisọ́tọ̀ ni kíkọ̀ yẹn fúnra rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011. Ti ìjọba àpapọ̀, tí à ń pè ní òfin 2018, ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019.

Òfin yìí ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba gba àkàndá mọ́ra, kí ó ní ó kéré tán òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń bójú tó wọn, kí ó sì ní ohun èlò wọn. Iléeṣẹ́ tó bá yọ àkàndá sọ́tọ̀ lè san mílíọ̀nù kan náírà. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá ṣe é lè san 100,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó ru méjèèjì. Wọ́n fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe. Ọdún 5 náà pé ní oṣù kìíní 2024.

Abala 8 òfin 2018 yìí ni mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin há sórí. Ó ní bí àkàndá kò bá lè wọ ibi tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ̀, ó lè fi tó àwọn aláṣẹ ibẹ̀ létí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mú ìdínà náà kúrò kíá. Bí iléeṣẹ́ bá gbọ́ tí kò ṣe nǹkan kan, 10,000 náírà ni yóò máa san fún ẹni náà lójoojúmọ́ tó bá fi falẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tò: ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ni ohun gbogbo ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fẹnu sọ ọ́ lójú ọ̀nà, ta ni yóò jẹ́rìí ọjọ́ náà? Òótọ́ ni pé ibi àti ọ̀nà ni abala 8 ń sọ, kò sọ̀rọ̀ bí ìwé ìdánwò ṣe gbọ́dọ̀ rí. Fún ìyẹn, àdéhùn àgbáyé àti abala ẹ̀kọ́ inú òfin náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò dì mú. Ṣùgbọ́n méjèèjì ló fẹ́ ìwé.

Ojú, etí, ẹsẹ̀, àti èyí tí kò hàn

Ẹni tí kò ríran ní iṣẹ́ púpọ̀ jù, nítorí ìwé ni òfin ń jẹ. Fóònù rẹ̀ lè kà fún un. NVDA, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn ọkùnrin méjì tí kò ríran bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà ní 2006, lè sọ kọ̀ǹpútà di ẹlẹ́nu láìgba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìwé tí wọ́n ń pín kiri ní kíláàsì. Ẹnì kan ṣe fọ́tókọ́pì ẹjọ́ kan, ẹlòmíì ṣe fọ́tókọ́pì fọ́tókọ́pì náà, ẹ̀kẹta ya fọ́tò rẹ̀, ó jù ú sórí WhatsApp. Ẹni tó ríran á fún ojú pọ̀, á sì rí i kà. Ẹni tí fóònù ń kàwé fún á fọwọ́ kàn án, fóònù á ní àwòrán ni, ó parí. Ojú ewé ogójì ìdájọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: àwòrán. Ohun tó fẹ́ kò ju pé kí olùkọ́ fi fáìlì tó tẹ̀ gan-an ránṣẹ́, kí orúkọ àwọn ìwé sáà náà sì tètè dé ọwọ́ rẹ̀, kó lè wá wọn ní irú èyí tí yóò ṣeé kà. Òfin ẹ̀tọ́ oníwèé kò di èyí lọ́nà mọ́. Nàìjíríà wọ àdéhùn Marrakesh ti 2013 ní 2017, òfin ẹ̀tọ́ oníwèé ti 2022 sì gba àwọn tí òfin fọwọ́ sí láyè láti sọ ìwé di irú èyí tí afọ́jú lè kà, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Nínú ìdánwò, bí wọ́n bá fún un ní ẹni tí yóò máa kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹni náà gbọ́dọ̀ mọ èdè òfin lákọ. Ẹ fojú inú wo akọ̀wé tó gbọ́ *mens rea* tó sì kọ *men's area*. Èrò ọkàn ọ̀daràn ti di ilé ìyàgbẹ́ ọkùnrin, akẹ́kọ̀ọ́ tó sì sọ ọ́ bó ti tọ́ kò mọ̀ títí máàkì yóò fi jáde. Bí wọ́n bá jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìdáhùn lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo ìyẹn ò sí.

Ti adití, ògbufọ̀ ni. Yunifásítì Ìlọrin ti ní ibùdó tó ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adití lọ́wọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ní kò ṣeé ṣe nílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ògbufọ̀ nínú òfin le. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ òfin ni kò ní àmì lọ́wọ́ àwọn adití. Lẹ́tà-lẹ́tà ni wọ́n á máa fi ìka tò ó, olùkọ́ á sì ti lọ sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó yẹ kí ògbufọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ṣáájú kíláàsì, kí wọ́n fẹnu kò lórí àmì tí wọ́n á máa lò. Ó sì yẹ kí wọ́n jẹ́ méjì kí wọ́n lè máa gba ara wọn sílẹ̀, nítorí ọwọ́ ń rẹ ọpọlọ sì ń rẹ. Olùkọ́ tó bá ń kọjú sí pátákó bó ti ń sọ̀rọ̀ ti gba ẹnu rẹ̀ lójú ẹni tó ń wo ètè.

Ti ẹsẹ̀ ni owó kéré jù nínú rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì ń fi owó ṣe àwáwí lé lórí jù. Kí ilé tó ní dàgẹ̀rẹ̀ tàbí lífítì, wọ́n lè gbé kíláàsì wá sí ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń to tímtébù ni, kì í ṣe ti bíríkìlà. Kí wọ́n fún un ní yàrá ìsàlẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, kí ilé ìtura tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè wọ̀ má jìnnà. Kí wọ́n sì rántí pé akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń lọ wo kóòtù: ẹni tó ń ṣètò ìrìn náà gbọ́dọ̀ béèrè nípa àtẹ̀gùn ibẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra.

Èyí tí kò hàn ni wọ́n ń fojú fò jù. Fòníkú-fọ̀ládìde pọ̀ láàárín wa ju ibikíbi lọ láyé. Ọmọ tó ní in lè jókòó tì yín lónìí nínú aṣọ dúdú òun funfun àwọn ọmọ lọ́ọ̀, kí ó máa jiyàn kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí egungun sì dá a wólẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la. Òtútù ẹ̀rọ inú gbọ̀ngàn lè dá a sílẹ̀, òùngbẹ náà lè dá a sílẹ̀. Ohun tó fẹ́ ni omi lórí tábìlì, ìjókòó tí kò sí lábẹ́ ẹ̀rọ òtútù, àti ọ̀nà tó dájú láti ṣe ìdánwò náà nígbà mìíràn láìpàdánù ọdún kan. Òfin 2018 dárúkọ ẹni tí okun ara rẹ̀ tètè ń tán tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ òòjọ́ fi ń nira fún un. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn gbòòrò tó láti gba ọmọ yìí mọ́ra, bó bá ní ìwé dókítà lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí lẹ́tà ń yí mọ́ lójú nígbà tó bá ń kàwé, tí wọ́n ti ń pè ní olódo láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé náà

Ìgbà tó dára jù ni ọ̀sẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń forúkọ sílẹ̀, nítorí yóò ṣe àyẹ̀wò ara ní kílíníìkì yunifásítì dandan. Dókítà tó ń yẹ̀ ẹ́ wò fún ìforúkọsílẹ̀ lè kọ ìròyìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá dúró títí ìdánwò fi ku ọ̀sẹ̀ méjì, àánú ni yóò máa tọrọ.

Ìyàtọ̀ wà nínú ìwé àti ìwé. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé, “Afọ́jú ni mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́,” ọ̀gá tó kà á á mirí, á ní Ọlọ́run á ṣàánú, á fi sínú fáìlì. Kò mọ ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe. Ẹ jẹ́ ká gbé e gba ibòmíì: “N kò lè ka ìwé tí a tẹ̀ sórí bébà. Nínú ìdánwò, mo fẹ́ kí ìbéèrè wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń kàwé síta, kí n fọwọ́ ara mi tẹ ìdáhùn, nínú yàrá tí mi ò ti ní dí ẹlòmíì lọ́wọ́, kí ẹ sì fi ìdajì kún àkókò mi. Nínú kíláàsì, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí láyè láti gba ohùn olùkọ́ sílẹ̀. Ìròyìn dókítà wà lẹ́yìn ìwé yìí. Inú mi yóò dùn bí mo bá rí èsì gbà kí ìdánwò kékeré àkọ́kọ́ tó dé.” Ọ̀gá tó ka èyí mọ ẹni tó máa pè. Àìsàn kì í pọ̀ nínú ìwé tó dára. Ohun tí wọ́n fẹ́ ló ń pọ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ìwé náà dání ní ẹ̀dà méjì. Èkíní fún Díìnì, nípasẹ̀ olórí ẹ̀ka. Èkejì, kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sí i, kó kọ ọjọ́ àti orúkọ rẹ̀ sí i, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì gbé e padà sílé. Bí akọ̀wé bá ní, “Ìwọ sáà fi í sílẹ̀, ọ̀gá á rí i,” kó rọra rẹ́rìn-ín, kó ní òun á dúró. Ẹyin lohùn, ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí kì í bọ́ fọ́. Lẹ́yìn náà, kó fi ẹ̀dà han ẹni tó ń bójú tó ìdánwò ní ẹ̀ka, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ sábà ń já sí nìyẹn: Díìnì ti fọwọ́ sí i lókè, alámòójútó gbọ̀ngàn ìdánwò kò gbọ́ nǹkan kan nísàlẹ̀.

Àwíjàre àwọn tó ń kọ̀

Wọ́n á ní àfikún àkókò jẹ́ ojúsàájú. Amẹ́ríkà ti ja ìjà yìí dópin. Àjọ tó ń ṣe LSAT, ìdánwò àbáwọlé ẹ̀kọ́ òfin níbẹ̀, máa ń sàmì sí máàkì ẹni tó gba àfikún àkókò tẹ́lẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n kọ “ṣọ́ra” sí i lára. Ní 2014, wọ́n fohùn ṣọ̀kan níwájú kóòtù láti san iye tó lé ní mílíọ̀nù 7 dọ́là, kí wọ́n sì dá àmì náà dúró. Ní Bìrìtìkó, òfin 2010 ní kí yunifásítì ṣe àtúnṣe fún àkàndá, ìjọba sì ní owó ìrànwọ́ tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kí òbí tó ń rán ọmọ lọ láti ibí mọ̀ pé ọmọ onílé ni owó yẹn wà fún. Fún ẹni tó bá físà akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ojúṣe yunifásítì nìkan ló kù.

Wọ́n tún lè béèrè pé ẹni tí kò ríran, kí ni yóò fi òfin ṣe? Zak Yacoob fọ́jú nígbà tó wà ní oṣù 16. Ó di lóyà ní Gúúsù Áfíríkà lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ó sì jókòó ní kóòtù tó ga jù níbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìwé òfin ilẹ̀ náà, láti 1998 sí 2013. Haben Girma, tí kò gbọ́ràn tí kò sì ríran, gboyè òfin ní Harvard ní 2013. Ní Nàìjíríà níbí, àwọn lóyà tó jẹ́ àkàndá ti pọ̀ tó láti ní ẹgbẹ́ tiwọn, wọ́n sì ní àpérò nínú ẹgbẹ́ àwọn lóyà gbogbo gbòò. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wá wọn kàn kíá.

Àwíjàre tó kù wá láti ilé. Òbí ń bẹ̀rù pé wọ́n á fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ ìbẹ̀rù yẹn, n kò sì ní bú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò sọ, òfin kò lè gbọ́ ọ. Ìwé sì ṣeé fi ṣe àṣírí ju ẹnu lọ: ẹni tó yẹ nìkan ni yóò kà á.

Síbẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún nìkan ni yóò máa ru ẹrù yìí. Yunifásítì tó fẹ́ ṣe é dáadáa lè fi ìbéèrè kan kún fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ara: kí lo fẹ́ ká ṣètò fún ọ? Kó yan òṣìṣẹ́ kan tí ìdáhùn náà yóò dé ọwọ́ rẹ̀, tí yóò sì gbé e lọ bá Díìnì, wọ́dìnì họ́sítẹ́ẹ̀lì àti alámòójútó ìdánwò. Fún ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, òṣìṣẹ́ yẹn ti wà nínú òfin. Orúkọ rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì kan.

Kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, kí ọmọ Ọjà'ba wa mú ẹ̀dà rẹ̀ méjì dání. Bó bá jẹ́ pé òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì náà wà, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò sì lè gùn ún, kó jókòó sísàlẹ̀, kó ní kí akọ̀wé mú òǹtẹ̀ bọ̀. Kó kọ àtẹ̀gùn yẹn náà mọ́ ìwé náà. Bí wọ́n bá falẹ̀, ọ̀la ni ọjọ́ kìíní.